Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Lọ, Tó Sì Padà Balẹ̀

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Switzerland ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ́ sí lọ́sẹ̀ yìí. Gruyère Space Program ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 2024, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fúnra wọn kàn, tí wọ́n sọ ní Colibri, gbéra nílẹ̀, ó gòkè tó mítà 105, ó sì padà wá fi ẹsẹ̀ balẹ̀ ní òòró gangan, láìwó.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Mítà 105 kẹ̀? Kò kúkú ju gíga Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn lọ!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lílọ sókè kọ́ ni iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé eré ni, kí ó gbé ọmọ odó nàró sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí orí ọmọ odó bá fẹ́ wó sọ́tùn-ún, ọwọ́ gbọ́dọ̀ sáré lọ sọ́tùn-ún láti gbé ìdí rẹ̀ bọ́ sábẹ́ orí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú rẹ̀ ń mọ apá ibi tó ń tẹ̀ sí, wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ń darí ẹnu ibi tí iná ń gbà jáde, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí a sì máa purọ́ díẹ̀díẹ̀; irọ́ á gorí irọ́, àfi bí a bá ń fi ohun mìíràn yẹ̀ wọ́n wò. Bí kọ̀ǹpútà bá tún pẹ́ kó tó dáhùn, àtúnṣe á di ìbàjẹ́. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ rí? Ó yà sọ́tùn-ún jù, ó yà sósì jù, inú kòtò ló bá ara rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ SpaceX ní Amẹ́ríkà, tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Falcon 9 mélòó kan ló fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó rí ọ̀kan mú balẹ̀ ní December 2015. Owó ọmọ ilé-ìwé dà? Bí Colibri bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ di àkúfọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi okùn dè é nígbà ìdánwò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọgbọ́n àgbà lèyí lójú tèmi.

Ìbalẹ̀ gan-an ló ṣòro jù. Bí epo ti ń jó, rọ́kẹ́ẹ̀tì ń fúyẹ́, iná tó gbé e dúró lẹ́ẹ̀kan á tún fẹ́ gbé e lọ sókè. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa dín iná náà kù níwọ̀nba. Bí ó bá dín in jù, ẹsẹ̀ á kán. Bí kò bá dín in tó, á so rọ̀ lókè títí epo á fi tán. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀ gan-an ni eré gbọ́dọ̀ tán lára rẹ̀, kí iná sì kú lọ́gán.