Ẹ Má Gbé Kọ́kọ́rọ́ Ogún Lọ Sọ́run



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn ènìyàn wa sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí lọ́kàn.

Káfíńtà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Akéwì ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Nígbà tí ó kú, ìdí-igi ni a fi pín ilé àti oko rẹ̀, nítorí pé ìyàwó méjì ni ó fẹ́. Kò sí ìjà. Ìgbà tí ó kan ewì rẹ̀ ni wàhálà dé. Inú fóònù àti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kó wọn sí. Fóònù wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tún dé, ó ní òun lòun ni ewì, torí pé owó òun ni wọ́n fi ṣe é. A ní kó mú ìwé àdéhùn wá, kò rí nǹkan kan mú jáde.

Mo lọ bá lọ́yà. Ó ṣàlàyé pé òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti olórin, ìyẹn Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, yanjú ìyẹn. Ẹni tó ṣètò gbígba ohùn sílẹ̀ lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí ohùn tó gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ewì ló ni ewì, àfi bí ó bá fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn àrólé rẹ̀ ló ni ín fún 70 ọdún.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Láyé àtijọ́, àgbà tó bá ri owó mọ́lẹ̀ tí kò sọ fún ọmọ, ilẹ̀ ló jogún owó náà. Ohun tí à ń ṣe lónìí náà nìyẹn.

Kì í ṣe ìṣòro tiwa nìkan. Lọ́dún 2012, ọkọ̀ ojú irin pa ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan ní Berlin, ní Jámánì. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ ka ohun tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ lórí Facebook, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ara rẹ̀ ni. Facebook kọ̀. Ó di oṣù keje ọdún 2018 kí ilé ẹjọ́ gíga wọn tó dá a pé bí a ṣe ń jogún lẹ́tà òkú, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe jogún èyí. Ó lé ní ọdún márùn-ún! Ta ló lówó lọ́yà bẹ́ẹ̀ nínú wa?

Ẹ tún ṣọ́ra o. Ìwé tàbí orin tí ẹ rà sórí fóònù, àyálò ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2009, Amazon wọ inú ẹ̀rọ Kindle àwọn oníbàárà rẹ̀, ó kó ìwé tí wọ́n ti sanwó fún kúrò, ó sì dá owó wọn padà. Irú èyí kì í ṣe ogún.

Ẹ̀yin akéwì, olórin, ayafọ́tò, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ẹni tó bá ń náwó sí iṣẹ́ yín. Láti 2013 ni Google ti gbà kí ènìyàn yan ẹni tí yóò gba ẹrù rẹ̀ bí a kò bá gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín bá yín ṣe é. Ẹ kọ páásíwọ̀ọ̀dù sínú ìwé, kí ẹ fi í pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé. Kí àwọn aṣòfin wa náà ṣe òfin tí yóò sọ ọ́ gbangba pé ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àrólé lójú.

Ní ti àbúrò mi, ìwé kékeré kan ni a rí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ewì mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Ìyókù wà nínú fóònù tí mo tì mọ́ inú àpótí. Àpótí náà, èmi ni mo kàn án, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsẹ́yìn.