Máàpù Kò Gbọdọ̀ Parí Sẹ́nu Géètì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wa ni, ọ̀rọ̀ owó wa sì ni. Ọ̀rọ̀ máàpù ni: máàpù àwọn ọ̀nà tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú ilé, lábẹ́ ilẹ̀ àti lórí afárá.

Gbogbo wa la mọ máàpù inú fóònù. Bí o bá sọ ibi tí ò ń lọ fún un, yóò sọ títì tí o máa gbà àti ìṣẹ́jú tí yóò gbà ọ́. Àwọn awakọ̀ wa ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́, tàbí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ńlá, ó ti tán nìyẹn. Yóò ní o ti dé. Ṣé lóòótọ́ lo ti dé? Ó ku kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹ ara rẹ wò, kí o gun àtẹ̀gùn, kí o gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, kí o pààrọ̀ aṣọ, kí o tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹni tó ní o ti dé kọ́ ni yóò bá ọ rin ìyókù.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Àmì tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ láti òkè ni fóònù fi ń mọ ibi tí a wà, òrùlé àti ilẹ̀ sì máa ń dí àmì náà lọ́nà. Èkejì, máàpù pẹlẹbẹ ni, ṣùgbọ́n ilé lè jẹ́ àjà lórí àjà. Ọ̀nà mẹ́ta lè wà lórí ara wọn lójú kan náà, ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lórí afárá. Bí máàpù kò bá sọ èyí tó jẹ́, yóò ní kí o yà sọ́tùn-ún níbi tí ògiri wà. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà inú ilé ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ìlú Toronto ní Kánádà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà lábẹ́ àárín ìlú náà tí wọ́n ń pè ní PATH. Ó lé ní kìlómítà 30, ó sì so ilé tó lé ní 70 pọ̀. Ní ọdún 1900 ni ilé ìtajà Eaton gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ilé rẹ̀ kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà, onílé lẹ́yìn onílé ń fa tirẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ni ọ̀nà yìí. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ni apá tó gba abẹ́ ilé rẹ̀. Máàpù lè fi hàn pé ọ̀nà ń lọ geere, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ lóru lè bá ilẹ̀kùn ní títì, kó di pé ó jáde sínú òtútù kó tó lè yí ká. Máàpù tí kò bá sọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí, ìdajì òótọ́ ló sọ.

Ní Hong Kong, àtẹ̀gùn kan wà tó ń fúnra rẹ̀ rìn láti àárín ìlú lọ sí orí òkè níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Ó gùn tó mítà 800, ọdún 1993 ni wọ́n ṣí i. Láàárọ̀, sísọ̀kalẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀, kó lè gbé àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó bá yá, wọ́n á yí i padà, á máa gòkè títí di òru. Ọ̀nà kan náà ni o, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àárọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ló kan òṣìṣẹ́ nínú yíya máàpù? Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ló ya máàpù rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London tí gbogbo ayé mọ̀. Harry Beck ni orúkọ rẹ̀, ayàwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ní 1931 ló yà á fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1933, àwọn èrò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Lónìí, ó tilẹ̀ ti rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2004 ni OpenStreetMap ti wà, máàpù tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń fi ọwọ́ ara wọn yà. A lè kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé àti ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ sínú rẹ̀, kí a kọ àjà tó wà, iye ìpele àtẹ̀gùn, àkókò tí ilẹ̀kùn ń ṣí, àti bóyá gbogbo ènìyàn ló láṣẹ láti gbà á kọjá.

Wàyí o, ibo ni owó ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìkòkò Mount Clemens pe ọ̀gá wọn lẹ́jọ́. Ilé iṣẹ́ náà gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì kan. Òṣìṣẹ́ yóò tẹ káàdì, yóò wá rìn dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò sì san owó ìrìn náà. Ní 1946, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni. Wọ́n tún ní bí ọ̀gá kò bá pa àkọsílẹ̀ àkókò mọ́, ẹ̀rí òṣìṣẹ́ tó bá ọgbọ́n mu ti tó, bí kò tilẹ̀ pé pérépéré. Ọ̀gá ni kó wá já a. Kíá ni àwọn ọ̀gá gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin lọ. Ní 1947, òfin tuntun yọ ìrìn yìí kúrò nínú owó iṣẹ́, àyàfi níbi tí àdéhùn tàbí àṣà ilé iṣẹ́ bá ti ní kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀rí kò kú. Ní 2016 ilé ẹjọ́ kan náà ṣì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ló ní ẹnu ọ̀rọ̀. Èkejì, inú ìwé àdéhùn ni ìṣẹ́jú ìrìn wa gbọ́dọ̀ wà, ẹgbẹ́ ló sì ń ṣe àdéhùn.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, ilé mẹ́ta tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ so pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Mile 2 sí Marina ní 2023, àti láti Agbádó sí Òyìngbò ní 2024. Àtẹ̀gùn àti afárá ń pọ̀ sí i nínú ìrìn ojoojúmọ́ wa. Bí ìwé iṣẹ́ bá fún awakọ̀ ní ìṣẹ́jú 30 láti sinmi, tó fi 8 rìn dé ibi tí yóò ti jẹun, tó tún fi 8 rìn padà, ìsinmi mélòó ló kù? Ìṣẹ́jú 14 ni. Ta ló jẹ 16 yòókù? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ọ́fíìsì kò ní bá wa ka ìṣẹ́jú yẹn.

Ohun tí mo dábàá nìyí. Kí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan. Kí wọ́n rin ọ̀nà láti géètì dé ìdí iṣẹ́, àti láti ibi tí a ti ń gba ọkọ̀ dé ibi ìjẹun. Kí wọ́n fi aago wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án àti lóru. Kí wọ́n ka àtẹ̀gùn, kí wọ́n kọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì àti ìgbà tí wọ́n ń tì í, ibi tí iná kò sí, àti ọ̀nà tí a lè gbà sá jáde bí iná bá sọ. Kí wọ́n rìn bí òṣìṣẹ́ ti ń rìn, kì í ṣe bí ẹni tó ń sáré ìje.

Máníjà lè ní olè yóò lo máàpù náà. Kò sí ẹni tó ní kí a ya yàrá owó. Ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà ni à ń wí, ti inú ilé iṣẹ́ yóò sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹlòmíràn nínú wa ń bẹ̀rù pé àwọn ọ̀gá lè fi máàpù náà lé wa ní eré. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, nítorí àwọn ilé ìkẹ́rù kan wà nílẹ̀ òkèèrè tí ẹ̀rọ ọwọ́ ti ń darí òṣìṣẹ́ láti pẹpẹ kan sí òmíràn, tó sì ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lọ́rùn. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí a fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún wọn. Bí a kò bá wọn ọ̀nà wa, wọn á bá wa wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n tiwọn ni wọ́n á sì lò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ mú orúkọ àwọn tí ẹ bá yàn wá fún aṣojú yín kí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ tó dé. Nígbà tí a bá jókòó sídìí tábìlì àdéhùn, kí ó jẹ́ pé ìwé ìṣẹ́jú wa wà lọ́wọ́ wa.