Ìtọ́jú Ìlera Àwọn Òbí Wa ní Amẹ́ríkà: Ta ni Yóò San Owó Ilé Ìwòsàn?

Ó ṣòro láti rí ìjọ kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùrẹ́ lónìí tí kò ní ọmọ tàbí òbí kan ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí físà bá jáde, a ó dúpẹ́ níwájú pẹpẹ. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí èrò náà wọ ọkọ̀ òfurufú, àlùfáà yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò sì kọrin sìn ín sọ́nà. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè kí èrò tó di ẹrù rẹ̀, òun náà ni ó sì máa ń padà wá bá wa nínú ìjọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí a bá ń dá owó jọ nítorí ẹni tí ó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Houston tàbí ní Baltimore: ta ni yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé orílẹ̀-èdè tí ó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò máa tọ́jú gbogbo olùgbé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìlú Ọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ètò NHS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 ni ó ń tọ́jú aláìsàn láti inú owó orí, àtìpó sì ń san owó àkànṣe fún un nígbà tí ó bá ń gba físà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, owó náà ti di £1,035 lọ́dún kan fún àgbàlagbà. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti san án mọ ibi tí òun dúró sí. Ní Amẹ́ríkà, adójútòfò ìlera ni ọ̀nà, oníkálukú ni ó sì ń wá tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò le púpọ̀ fún ọ̀dọ́ tí ó bá rí iṣẹ́ gidi. Nọ́ọ̀sì tí ó kúrò ní Adó lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Texas yóò sábà rí adójútòfò gbà láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, òfin sì sọ pé bí ibi iṣẹ́ bá ń fún òṣìṣẹ́ ní adójútòfò, wọn kò gbọdọ̀ mú un dúró ju 90 ọjọ́ lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè wà lábẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọdún 26, ọkọ tàbí aya náà sì lè wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa rí i gbà láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ lè ya ẹni lẹ́nu. Àwọn tí ètò ibi iṣẹ́ kì í sábà gbà wọlé ni bàbá àti ìyá. Níbẹ̀ ni wàhálà wà fún àwa ará ìhà gúúsù Èkìtì, nítorí àwọn òbí ni a ń rán lọ jù nígbà tí ọmọ bá ti fìdí múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 68 ni, ará Ìsẹ̀, ó ti fi oko kòkó tọ́ ọmọ márùn-ún, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti di ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ti bá a gba gíríìn káàdì. Àwọn ará ilé ń sọ fún un pé ìjọba Amẹ́ríkà a máa tọ́jú arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ ni Medicare, èyí tí ó wà fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65. Òtítọ́ ni pé ó wà, ṣùgbọ́n ẹni tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tí ó sì ti san owó orí níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 10 ni ó ń gba apá ilé ìwòsàn rẹ̀ láìsan owó oṣooṣù. Ìyá wa kò ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀ rí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko kí wọ́n tó jẹ́ kí ó rà á, ríra náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé: ní ọdún 2025, $518 lóṣù ni fún apá ilé ìwòsàn, àti $185 fún apá dókítà. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, ẹ ó rí i pé ó ju owó tí ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa ń ná lọ.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni Medicaid, tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ jọ ń ṣe fún àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Òfin kan tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996 ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gíríìn káàdì fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Láti ọdún 2009, òfin gba ìpínlẹ̀ láyè láti yọ àwọn ọmọdé àti aboyún kúrò nínú ìdúró yìí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kò kan arúgbó. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn bá sì dé sí ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ. Maryland gba láti mú Medicaid gbòòrò fún àgbàlagbà tí kò tíì pé ọdún 65 ní ọdún 2014. Texas àti Georgia, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí gidigidi, kò gbà. Ẹni tí ó bá ní ìbátan ní ìpínlẹ̀ méjì, kí ó bèèrè nípa èyí kí ó tó yan ibi tí yóò gbé, kí ó má kàn máa wo ibi tí òtútù kò ti pọ̀.

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni ọjà adójútòfò tí òfin Ààrẹ Obama ti ọdún 2010 dá sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ènìyàn láti oṣù Kìíní ọdún 2014. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò kò lè kọ ìyá wa sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì lè bù owó lé e nítorí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibí yìí ni ibi ìsádi àwọn òbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí òfin náà rántí pé Medicaid ti kọ̀ wọ́n, ó sì fún wọn ní owó ìrànwọ́ àní bí owó tí ń wọlé fún wọn kò bá tó ìlà òṣì tí ìjọba fà. Òfin ńlá tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2025, mú àǹfààní yìí kúrò láti ọdún 2026. Àfikún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ti ń fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 2021 náà sì parí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2025. Òfin kan náà là á sílẹ̀ pé láti oṣù Kẹwàá ọdún 2026, àwọn olùwá-ààbò tí wọ́n ti gbà wọlé yóò kúrò lára àwọn tí Medicaid ń gbà, àti pé láti ọdún 2027, owó ìrànwọ́ ọjà náà kò ní kan akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tí kò ní gíríìn káàdì. Lójú tèmi, ẹni tí ìyà rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo èyí ni arúgbó tí ó wọ ìlú lọ́nà òfin, tí kò rú òfin kankan, tí wọ́n sì wá sọ fún pé ó tálákà jù láti rí ìrànwọ́ gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ni ó ń bọ́ ìyá rẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òun ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, owó tí ń wọlé fún gbogbo ilé ni wọn yóò wò, kì í ṣe ti ìyá nìkan. Ilé tí owó rẹ̀ bá wà láàrin ìlà òṣì náà àti ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lè rí ìrànwọ́ gbà fún ìyá náà. Fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, $32,150 lọ́dún ni ìlà náà ní ọdún 2025, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò adójútòfò ti ọdún 2026. Kí ọmọ náà lọ bá ẹni tí ó mọ̀ nípa owó orí, kí ó má ṣe fi ẹnu lásán ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ tún ń lọ: 60 ọjọ́ péré láti ìgbà tí ó bá di olùgbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin ni òbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní láti fi forúkọ sílẹ̀, bí ó bá kọjá, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún ṣí ìwé ọdọọdún. Àìmọye ọjọ́ ni a fi ń sinmi ìrìn àjò tí a sì fi ń kí ará káàkiri, ọ̀pọ̀ a sì gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ti ìyá tí ó lọ wẹ ọmọ yàtọ̀. Físà ìbẹ̀wò ni ó gbé lọ, kò sì ní ẹ̀tọ́ sí èyíkéyìí nínú àwọn ẹnu ọ̀nà mẹ́ta yìí. Adójútòfò arìnrìn-àjò ni tirẹ̀, èyí tí ó rọrùn láti rà. Ibi tí ó ti ń ba ènìyàn lórúkọ jẹ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í san owó àìsàn tí ó ti wà lára kí ènìyàn tó rà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, tí ó sábà máa ń gbé àwọn òbí wa dè, ni wọ́n kọ sínú ìwé pé àwọn kò ní san. Kí a ka ibi tí ó sọ̀rọ̀ nípa àìsàn àtẹ̀yìnwá kí a tó wo iye owó rẹ̀, kí ìyá sì kó oògùn tí yóò tó o títí ọjọ́ tí yóò fi padà, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa fi etí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kó Kristẹni jọ láti máa san owó ìwòsàn ara wọn, wọ́n a sì máa fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ní Gálátíà orí 6 nípa ríru ẹrù ara wa pe ènìyàn. Owó oṣooṣù wọn a máa dín ju ti adójútòfò lọ. Èrò rere ni ó wà nídìí rẹ̀, àwọn kan sì ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe adójútòfò. Kò sí àdéhùn tí òfin lè fi mú wọn láti san owó ẹnikẹ́ni, wọ́n sì lè kọ àìsàn tí ó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Ìjọ tí ó bá gba ọmọ rẹ̀ níyànjú láti darapọ̀ mọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsọ èyí fún un kò ṣe é lóore.

Bí àìsàn bá wá dé láìròtẹ́lẹ̀, tí kò sí ìwé kankan ńkọ́? Òfin ọdún 1986 mú un di dandan fún ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀ka pàjáwìrì tí ó sì ń gba owó Medicare láti yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n sì mú un dúró kí ẹ̀mí má bà á bọ́, bóyá ó ní owó tàbí kò ní. Aboyún tí ó ń rọbí wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kú sílé nítorí ìbẹ̀rù owó. Lóòótọ́, ìwé owó yóò tẹ̀ lé e, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tí kì í ṣe fún èrè gbọ́dọ̀ ní ìlànà ìrànwọ́ fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, aláìsàn sì ní 240 ọjọ́ láti ìgbà tí ìwé owó àkọ́kọ́ bá jáde láti fi bèèrè fún un. Àwọn ará wa kì í bèèrè. Ìtìjú a máa mú wọn, wọ́n a sì fi káàdì báǹkì san ohun tí wọn ìbá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín kù. Fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyẹ̀wò lásán, àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò wà tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́, tí wọ́n ń gba owó ní ìwọ̀n bí agbára ènìyàn bá ti tó, ẹni tí ó ní gíríìn káàdì sì lè lọ síbẹ̀.

Nǹkan tún yí padà lójijì. Àṣẹ tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, dá físà ìbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ẹni tí ó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ìyá tí ó ti di ẹrù rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ tún padà tú u. Ọmọ tí ó ti ń ṣírò owó Medicare wá rí i pé ní ìsàlẹ̀ òkè Ọlọ́sùnta ni ìyá òun yóò ti máa gba ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ adójútòfò sì padà wá sílé.

Ilé náà kò ṣófo pátápátá. Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ àti oníṣòwò púpọ̀ kò tíì wọ inú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ètò tirẹ̀, ìjọba Gómìnà Oyèbánjí sì fi Ùlera Wa kún un fún àwọn aláìní. Àjọ ti ìjọba àpapọ̀ tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní GIFSHIP, níbi tí ẹnì kan, ìdílé kan tàbí ẹgbẹ́ kan ti lè san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tí ó wà ní Houston lè san án fún ìyá rẹ̀ ní Ẹmùrẹ́, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ohun tí adójútòfò oṣù kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó fi owó ránṣẹ́, kí ó rán ẹnì kan lọ bèèrè ohun mẹ́ta: ilé ìwòsàn wo ní ìtòsí ni wọn yóò kọ orúkọ ìyá sí, ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ohun tí wọ́n ń san, àti pé bí ó bá di dandan kí wọ́n gbé e lọ sí Adó tàbí Ìdó, ta ni yóò kọ ìwé tí yóò fi lọ.