Ẹ̀rọ Tó Ń Pe Akẹ́kọ̀ọ́ Lólè

Láti ìgbà tí ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń báni kọ̀wé, ti dóde ní òpin ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ń ra ẹ̀rọ atúdìí-òkòtó tí yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní kí kọ̀ǹpútà bá òun kọ àròkọ. Lára ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wò ni bí ọ̀rọ̀ tó kàn nínú gbólóhùn ṣe rọrùn tó láti mọ̀ ṣáájú. Bó bá ti rọrùn jù, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ pé ńṣe ló kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a kò bí i mọ́ ọn, kì í sábà fi èdè náà dárà. Ọ̀rọ̀ tó dá a lójú ló máa ń lò. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ fún TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹ̀rọ méje. Tí a bá ṣírò ti méjèèje pọ̀, ó lé ní 60 nínú 100 àròkọ náà tí wọ́n pè ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn awádìí wá ní kí ChatGPT fi ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ tún àwọn àròkọ yẹn kọ, ẹ̀sùn sì dínkù gan-an. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ ni wọ́n mú, èyí tí kọ̀ǹpútà tọwọ́ bọ̀ gan-an ló lọ ní tirẹ̀.

Àwọn kan á ní ìrẹ́jẹ pọ̀, olùkọ́ kò sì lè dá a ṣọ́. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ní àṣìṣe ẹ̀rọ tòde òní kò tó ẹyọ kan nínú 100. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò yẹn: iṣẹ́ 75,000 ni wọ́n gbà lọ́dún 2022, nítorí náà ẹyọ kan péré nínú 100 á sọ iṣẹ́ 750 di ẹ̀sùn èké. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n pa ẹ̀rọ náà tì. OpenAI tó ṣe ChatGPT pàápàá ti kó tirẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù keje, torí kì í sábà tọ̀nà.

Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rọ tó ń wá àdàkọ a máa fi ìwé tí wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ hàn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì lè fèsì. Èyí tó ń wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fi hàn, iye ló sábà máa ń gbé wá, kò sì sẹ́ni tó lè bá iye jiyàn. Kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ fi àròkọ àwọn ọmọ tó ti Ìbàdàn àti Kútọnu lọ kàwé lókè òkun dán an wò, kí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta kí wọ́n tó tà á. Kí iléèwé má sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé olùkọ́ ti wo àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, tó sì ti bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè lójúkojú. Ìyẹn á gba àkókò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n lé ọmọ kúrò níléèwé láì fún un láyè láti rojọ́.