Òjò Kì Í Gbálẹ̀

Gbogbo ẹni tí gọ́tà bá kọjá níwájú ilé rẹ̀, yálà ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí l'Ábẹ́òkúta, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ẹni tó yẹ kó sáré ká aṣọ lórí okùn, àpò pàǹtírí ló sáré wọlé lọ gbé. Kí òjò tó dá ẹsẹ̀ méjì sílẹ̀, ó ti da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Àgbàrá gbé ọ̀ra, ó gbé ike, ó gbé pámpá ọmọ, wọ́n jọ yí kọ́nà. Onílé gbọn ọwọ́ méjèèjì: "Òjò ti gbé e lọ."

Ó gbé e lọ síbo?

Torí ìbéèrè yìí ni mo ṣe kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí. Ìgbàgbọ́ pé òjò ń bá wa gbálẹ̀ kì í ṣe ti púrúǹtù nìkan. Mo mọ tíṣà tó ń ṣe é, mo mọ àlùfáà tó ń ṣe é. Èmi náà ti ṣe é rí, kí n má purọ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀ra piọ̀ wọ́tà kan láti Òkè-Àdó. Gọ́tà gbé e fún odò Ògùnpa. Ògùnpa fẹ́ gbé e fún odò Ọ̀nà, kí Ọ̀nà gbé e dé Ọ̀sà Èkó. Ṣùgbọ́n lábẹ́ afárá ló ti bá táyà, tìmùtìmù àti ẹgbẹ̀rún ọ̀ra bíi tirẹ̀ pàdé. Wọ́n di ẹnu ọ̀nà pa. Omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rọ́nà, ó yà sílé onílé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní tiwa, àwa onílé la ń bá àgbàrá kó ẹrù.

Ní ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ, 1980, Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Àwọn kan ní odò ló bínú. Ní 26 Oṣù Kẹjọ, 2011, omi tún dé, ó kọjá ìdídò Ẹlẹ́yẹlé, ó já afárá, ẹ̀mí tún lọ rẹpẹtẹ. Mi ò ní pàǹtírí nìkan ló fà á: òjò náà pọ̀, a sì ti kọ́lé sórí ibi tí odò ń sùn. Ṣùgbọ́n odò tí a ti fi ìdọ̀tí dí lọ́nà ọ̀fun, báwo ni kò ṣe ní pọ̀ ọ́? Ní 2014, Báńkì Àgbáyé yá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kojú omíyalé Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí i, ó yá wa ni.

Wọ́n á ní, "Ṣé àwọn baba wa kò da ilẹ̀ ni?" Wọ́n dà á. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n dà? Èèpo iṣu, eérú, háhá àgbàdo, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi jẹrà di ilẹ̀ dúdú, tí tẹ̀tẹ̀ fi ń hù lórí ààtàn láìsí ẹni tó gbìn ín. Ohun tó hù láti inú ilẹ̀ ti padà sílé. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe ọ̀ra ní tirẹ̀. Kì í jẹrà bí ewé, wẹ́wẹ́ ló ń já, títí ẹja á fi gbé e mì. Ìwà tó yẹ ewé la ń hù sí ọ̀ra.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó bá lówó lórí kì í dé gọ́tà. Ta ló rí kéréètì ìgò mínírà nínú gọ́tà rí? Kò sí, torí ẹni tí kò bá ní ìgò òfìfo tí yóò fi pààrọ̀ yóò fowó sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ á fọ ìgò náà, wọ́n á tún rọ nǹkan sí i. Bákan náà, èèpo gbágùúdá tí à ń dáná sun, àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, n'Ìbàdàn ti fi hàn pé a lè rin ín, ká fún un, ká yan án di oúnjẹ ẹran. L'Ékòó, láti 2012 ni ilé iṣẹ́ Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀, ti ń gba ike lọ́wọ́ ará àdúgbò, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn san án fún wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù, tí à ń yínmú sí, àwọn gan-an ló ń gbálẹ̀ ìlú.

Ẹ ní ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé àdúgbò yín. Òótọ́ ni, ẹjọ́ ìjọba sì ni. Ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ yín lálejò. Ṣùgbọ́n àìwá ọkọ̀ kò sọ àgbàrá di ọkọ̀. Ẹ so àpò méjì kọ́ ẹ̀yìnkùlé: ike àti ọ̀ra nínú ọ̀kan fún ẹni tó ń rà á, èyí tó kù nínú èkejì de akólẹ̀. Èèpo oúnjẹ, ẹ fún ewúrẹ́ tàbí kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Bí ojú ọ̀run bá sì ṣú lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, aṣọ ni kí ẹ sáré lọ ká.