Ọgbọ́n Orí Nìkan Kò Tó

Àríyànjiyàn lórí ọjọ́ orí ọmọ tó ń wọ yunifásítì ní Nàìjíríà kò tíì kan kókó. Ní 2024, ìjọba kéde ọdún 18. Kí ọdún náà tó parí, ó padà sórí 16. Ní 2025, JAMB béèrè máàkì 320 nínú 400 lọ́wọ́ ọmọ tí kò tó 16. Ta ni yóò wá tọ́ ọ sọ́nà bí ó bá wọlé? Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Olùdámọ̀ràn tó kàn ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kò tọ́ ẹnikẹ́ni. Yunifásítì tó gba ọmọ olóye láìyan olùkọ́ tì í kò ṣe é lóore: agbami ló sọ ọ́ sí, láìkọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́.