Ẹ Ta Ààyè, Ẹ Má Ta Òǹkàwé

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Lónìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irú ìpolówó tó lè mówó wọlé fún àwa tí a ń kọ èdè wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá mọ Jíbówú mọ gáréèjì àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Mo dúró níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wo àwọn tó ń kiri búrẹ́dì àti omi tútù. Kò sí ẹni tó bi mí ní orúkọ, kò sì sí ẹni tó tẹ̀ lé mi láti ilé. Ibi tí mo dúró sí ti sọ fún wọn pé ọ̀nà mi jìn, ebi lè pa mí. Mo sì ra búrẹ́dì.

Kúkì ẹni kẹta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì kékeré ni, tí ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí ẹ kò bẹ̀ wò fi ń dá yín mọ̀ láti ojú-ewé kan dé òmíràn. Firefox bẹ̀rẹ̀ sí í dènà púpọ̀ nínú wọn ní 2019, Safari dí gbogbo wọn ní 2020. Google ṣèlérí ní 2020 pé òun yóò mú wọn kúrò nínú Chrome, ó yí ọ̀rọ̀ padà ní 2024. Àwọn kan wá ní kí a máa bá a lọ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Èmi kò gbà. Bí olùpolówó bá lè tẹ̀ lé òǹkàwé wa lọ sí ibi tí ìpolówó ti pọ́ọ́kú, kí ni yóò tún sanwó fún wa sí? Ní Nẹ́dálándì, Ster, tó ń ta ìpolówó fún iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ NPO, pa irú kúkì bẹ́ẹ̀ tì ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020. Kókó ọ̀rọ̀ ojú-ewé ni wọ́n ń tà nígbà náà. Owó ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lóṣù náà fi ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 lọ.

Òótọ́ ni pé NPO tóbi, àwa kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí I. B. Thomas ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ẹni tó bá fẹ́ polówó níbẹ̀ kò nílò amí. Ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ti sọ irú ẹni tó ń kà á.

Nítorí náà, kí àpilẹ̀kọ lórí aṣọ òkè wá aláṣọ òkè lọ. Kí èyí tó dá lórí àmì ohùn wá olùtàwé lọ. Kí àwa oníwèé kéékèèké para pọ̀, kí a jọ tọ oníṣòwò lọ. Owó náà lè má yá. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó gbẹ́kẹ̀ lé wa kò yẹ lẹ́ni tí à ń tà lẹ́yìn.

Èdè wa kò ní parun o. Ire o.